Ìṣirò Ọgbọ̀n Ọdún: Bí Wọ́n Ṣe Mọ Ohun Tó Ń Jó Nínú Oòrùn

  Àwọn tó gbọ́ ètò yìí á ti ṣàkíyèsí pé ibì kan wà tí ohùn mi ti já lójijì. Ẹ má bínú. Oòrùn ló fà á.

Badagry la ti gba ohùn sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. A wọ ọkọ̀ ní Marina, a sọdá ọ̀sà sí Gberefu, a sì rin ojú ọ̀nà oníyanrìn tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà láyé ijọ́hun títí a fi dé etí òkun. Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà yẹn tóbi ju ohun tí èèyàn lè fi ṣe àkọ́sọ lọ, mi ò ní fọwọ́ kàn án lónìí. Mo gbé fóònù mi lé orí igi àgbọn kan tó ti wó, mo tẹ̀ ẹ́ kó máa gba ohùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ojú fóònù fi ṣókùnkùn. Ó kọ ọ́ sójú pé òun ti gbóná jù, kí n jẹ́ kí òun tutù ná.

Mo sún sábẹ́ ibòòji. Ìmọ́lẹ̀ tó lé fóònù mi wọ àpò yìí, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ó lé díẹ̀ ló fi rìn láti ojú oòrùn kó tó dé Gberefu. Kí ló ń jó níbẹ̀ gan-an? Kò sẹ́ni tó dé ibẹ̀ rí, kò sì sẹ́ni tó máa dé ibẹ̀. Ìṣirò la fi mọ inú oòrùn. Àwọn tó sì ṣe ìṣirò náà, ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ pé wọ́n ṣì í ṣe. Ìtàn wọn ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Badagry náà. Ní 1845, àwọn ìjọ CMS ń kọ́ ilé kan sí etí ọ̀sà, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ó ṣì wà níbẹ̀, ẹ lè lọ wò ó. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn gan-an, dókítà ará Jámánì kan, Julius Robert Mayer, ń fi ìbéèrè kan da ara rẹ̀ láàmú. Òun wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ pé agbára kì í ti inú òfìfo wá, kì í sì í ṣègbé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ibo ni oòrùn ti ń rí agbára tirẹ̀? Ẹni tó bá ti rí àwọn ìyá tó ń yan ẹja ní etí òkun yìí mọ̀ pé iná ń fẹ́ oúnjẹ. Èèpo àgbọn ń jó, ó ń di eérú, kí wọ́n tó mọ̀ wọ́n á tún ki òmíràn bọ̀ ọ́. Bí gbogbo oòrùn bá jẹ́ òkìtì èédú, ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan péré ni ì bá fi jó tán. Kò tíì tó ọjọ́ orí àwọn ìlú àtijọ́ míì láyé.

Ẹni tó wá gbé ìbéèrè náà dé ibi tó le ni William Thomson, tí wọ́n wá fi jẹ oyè Lord Kelvin. Ní 1862, ó ní oòrùn ò jó ohunkóhun, ńṣe ló ń wó sínú ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí wíwó yẹn sì ń di ooru. Ó ṣe ìṣirò rẹ̀. Ó ní ó ṣeé ṣe gan-an kí oòrùn má tíì tàn sórí ilẹ̀ ayé fún mílíọ̀nù 100 ọdún. Àwọn tó ń wo àpáta ní ọdún yẹn kéré jù. Darwin náà nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ kí àwọn ẹ̀dá tó lè yí padà bó ṣe sọ pé wọ́n yí padà. Kelvin ò gbà fún wọn. Kò sì sẹ́ni tó lè fi ìka kan àṣìṣe nínú ìsirò rẹ̀, torí pé kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ohun tó ṣe é ni pé nǹkan kan wà láyé tí kò sẹ́ni tó tíì mọ̀ nígbà náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ohun tó kàn ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa níbí. Bí ẹ bá dúró sí Gberefu, tẹ́ ẹ kọjú sí òkun, tẹ́ ẹ wá yà sápá òsì díẹ̀, ọ̀nà ibẹ̀ ni erékùṣù Príncipe wà, nínú òkun kan náà tó ń fọ ẹsẹ̀ yín. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1919, Arthur Eddington àti Edwin Cottingham dúró sí oko kan tí wọ́n ń pè ní Sundy ní erékùṣù yẹn, wọ́n ń retí kí òṣùpá bo oòrùn. Òjò rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kùrukùru ò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú àwòrán tí wọ́n yà wúlò, àmọ́ ìwọ̀nba tó dára, pẹ̀lú èyí tí àwọn ẹgbẹ́ wọn yà ní Sobral ní Bùràsílì, ló sọ Einstein di gbajúmọ̀ káàkiri ayé. Ìtàn yẹn ni gbogbo èèyàn mọ̀. Èyí tí wọn kì í sábà sọ ni ohun tí Eddington ṣe ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ní 1920, Francis Aston, ní Cambridge, wọn átọ̀mù wò, ó sì rí nǹkan tó yani lẹ́nu. Ẹ fojú inú wò ó pé ẹ ra gààrí kóńgò mẹ́rin, ẹ dà á pọ̀ sínú àpò kan, ẹ wá gbé e lórí òṣùwọ̀n, ó sì fúyẹ́ ju kóńgò mẹ́rin lọ. Ẹ ó pariwo olè. Bẹ́ẹ̀ ni hílíọ́mù rí. Háídírójìn mẹ́rin ló yẹ kó di hílíọ́mù kan, àmọ́ hílíọ́mù náà fúyẹ́ ju mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ. Ohun tó dín kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Eddington mọ iṣẹ́ Einstein dáadáa, ó mọ̀ pé ohun tó bá dín nínú ìwọ̀n ti di agbára nìyẹn. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ní Cardiff, ó dìde níwájú àwọn onímọ̀, ó sọ pé bóyá ohun tó ń fún àwọn ìràwọ̀ lágbára nìyẹn, àti pé bó bá jẹ́ òun ni, yóò tó oòrùn lò fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún. Nǹkan tí Kelvin ò mọ̀ nìyẹn.

Àwọn alátakò rẹ̀ ní inú ìràwọ̀ ò gbóná tó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Eddington fèsì pé kí wọ́n lọ wá ibi tó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tún un gbọ́ dáadáa: èébú ni, ó kàn fi ẹ̀kọ́ bò ó ni.

Àmọ́ wọ́n láwìíjàre o. Àárín oòrùn gbóná tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius, síbẹ̀ ìyẹn kéré. Kóró tó wà láàárín átọ̀mù, irú iná mànàmáná kan náà ló wà lára gbogbo wọn, wọ́n sì ń ti ara wọn sẹ́yìn. Kí méjì tó lè kan ara wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ borí ìtìsẹ́yìn yẹn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe rí, ẹ wo àwọn apẹja Gberefu nígbà tí wọ́n bá ń ti ọkọ̀ wọnú òkun. Ìgbì kan á gbé wọn padà sí yanrìn, òmíràn á tún gbé wọn padà. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò bá tó ìgbì, etí òkun ni yóò wà. Nínú oòrùn, agbára tí kóró kan ní kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún agbára tó fi yẹ kó gun ògiri náà. Ká ní bí ọkọ̀ apẹja ni, gbogbo wọn ni ì bá padà sílé. Oòrùn ì bá sì kú.

Ní 1928, ọmọ ará Rọ́ṣíà kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 24, George Gamow, rí i pé àwọn nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọkọ̀ apẹja. Ronald Gurney àti Edward Condon rí ohun kan náà ní Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn. Nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ní ìwà ìgbì lára, ìgbì yẹn kì í sì í dópin ní ẹsẹ̀ ògiri. Ó máa ń wọ inú ògiri, ó máa ń tín-ín-rín, títí ìwọ̀nba bíńtín nínú rẹ̀ yóò fi yọ ní òdì kejì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ gbọgbọrọ, kóró tí kò lágbára láti gun ògiri yóò kàn bá ara rẹ̀ ní òdì kejì. Lọ́dún 1929, Robert Atkinson àti Fritz Houtermans gbé èrò yìí lọ sínú ìràwọ̀. Wọ́n ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n parí iṣẹ́ náà, Houtermans ń bá ọmọbìnrin kan rìn, ọmọbìnrin náà sì yin ìràwọ̀ pé ó ń tàn dáadáa. Ó wá ń ṣe fọ́rífọ́rí pé láti àná lòun ti mọ ìdí tí wọ́n fi ń tàn. Èmi ò lè búra pé bẹ́ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Bí kò bá tiẹ̀ ṣẹlẹ̀, ó yẹ kó ṣẹlẹ̀.

Ó ku ọ̀kan. Kíkọjá ògiri kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kóró tó bá wọlé mú agbára wọlé ju èyí tí ilé lè gbà lọ, bí kò bá wá nǹkan ṣe sí i, yóò tún fò síta. Ẹ wo ẹni tó sáré wọlé láti ìta: kó tó lè jókòó, ó gbọ́dọ̀ mí. Ọ̀nà kan tí kóró ń gbà mí ni kó tan ìmọ́lẹ̀ jáde, ìmọ́lẹ̀ tó le gan-an tí wọ́n ń pè ní gámà. Kóró kan gbá kóró mìíràn mú, ìmọ́lẹ̀ jáde, wọ́n di ọ̀kan. Mo máa pè é ní ìgbámú oní-ìmọ́lẹ̀ nínú ètò yìí.

Ẹni tó kọ́kọ́ to àwọn ìgbámú yìí sójú ìwé lẹ́sẹẹsẹ ni Hans Bethe. Ìyá rẹ̀ jẹ́ Júù, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Jámánì ní 1933, tó fi wá di ará Amẹ́ríkà. Ní 1938, lẹ́yìn ìpàdé kan ní Washington, ó jókòó ti ìṣirò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì rí bí kábọ́ọ̀nù ṣe lè gbá prótọ́ọ̀nù mú, kí ìmọ́lẹ̀ jáde, kó di nítírójìn, kó gbá òmíràn mú, títí prótọ́ọ̀nù mẹ́rin yóò fi di hílíọ́mù kan, tí kábọ́ọ̀nù yóò sì padà sí bó ṣe wà. Alárinà ni kábọ́ọ̀nù níbẹ̀: ó so wọ́n pọ̀, ó gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Carl Friedrich von Weizsäcker náà rí i ní Jámánì. Bethe dá ìwé tirẹ̀ dúró díẹ̀ kó lè fi díje fún ẹ̀bùn 500 dọ́là. Ó gba ẹ̀bùn náà. Ó ná lára owó ọ̀hún fún ìjọba Jámánì kí wọ́n lè jẹ́ kí ìyá rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ jáde. Mo fẹ́ràn èyí ju ẹ̀bùn Nobel tó gbà ní 1967 lọ. Ẹni tó mọ bí oòrùn ṣe ń ṣiṣẹ́ lo ìmọ̀ náà láti ra àga ìyá rẹ̀ padà.

Bethe rò pé ọ̀nà alárinà yìí ni oòrùn ń gbà jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún agbára oòrùn ló ń ti ibẹ̀ wá. Àwọn prótọ́ọ̀nù tó ń so pọ̀ fúnra wọn láìsí alárinà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù, òun náà sì ti kọ̀wé lórí ìyẹn ní 1938 kan náà.

Ó yẹ kí ẹnì kan nínú yín ti bèèrè pé: kí ló dé tí wọn ò kàn wọn àwọn ìgbámú yìí nínú ẹ̀rọ? Ṣebí ẹ̀rọ wà? Ó wà. Ó wà ní Nàìjíríà pàápàá. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní Centre for Energy Research and Development tó wà ní Obafemi Awolowo University, ẹ̀rọ Pelletron kan wà tó jẹ́ mílíọ̀nù 1.7 fóòtì, wọ́n ń fi í yẹ ohun tó wà nínú yẹ̀pẹ̀, afẹ́fẹ́ àti irin wò. Àmọ́ ẹ gbọ́ eléyìí: kóró tó ń ṣe ìgbámú nínú oòrùn, agbára tí fóòtì bíi 20,000 lè fún un ló ní. Ẹ̀rọ Ifẹ̀ ju oòrùn lọ ní ọ̀nà yìí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé agbára oòrùn ti kéré jù. Ní agbára kékeré bẹ́ẹ̀, ìgbámú ṣọ̀wọ́n débi pé ẹ lè jókòó ti ẹ̀rọ fún oṣù kan kẹ́ ẹ má rí ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Ìtànṣán tó ń wá láti òfuurufú yóò sì ti bo ìwọ̀nba tẹ́ ẹ rí mọ́lẹ̀. Oòrùn kì í kánjú ní tirẹ̀. Ó tóbi, nítorí náà bí ìgbámú bá tiẹ̀ ṣọ̀wọ́n, yóò ṣì pọ̀ tó láti pa fóònù èèyàn.

Torí náà, ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n ń wọ̀n ọ́n níbi tí agbára ti pọ̀, wọ́n á wá fi ìṣirò sọ̀kalẹ̀ sí ibi tí oòrùn wà. Ọmọkùnrin tó wà wá sọdá ọ̀sà fi ọ̀pá ti ọkọ̀ kúrò létí bèbè, ọ̀pá náà ń kan ilẹ̀. Nígbà tó yá, kò kan ilẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ibẹ̀ ṣe jìn tó, ẹ ó wo bí ilẹ̀ ṣe ń dà gẹ̀rẹ́ níbi tí ọ̀pá yín dé, ẹ ó sì fi ìyẹn fojú dá èyí tó kù. Bí ó bá ń bá bẹ́ẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ lọ, ẹ ti gbà á. Bí kòtò kan bá wà nísàlẹ̀ tẹ́ ẹ ò rí, ẹ wọ gàù. Nínú iṣẹ́ yìí, kòtò wà lóòótọ́. Àwọn agbára kan wà tí kóró máa ń jó bá mu, tí ìgbámú á fi pọ̀ lójijì níbẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Kí ojú wọn lè ríran dáadáa, wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ iṣẹ́ ògiri kúrò nínú iye tí wọ́n wọ̀n. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n ń pè ní S. Ògiri ló ń mú kí nǹkan wálẹ̀ gòòrò. S ní tirẹ̀ ń dà gẹ̀rẹ́, ó ṣeé tẹ̀ lé.

Àmọ́ ẹni tó ń fojú dá kò gbọ́dọ̀ máa fojú lásán dá. Ó nílò àwòṣe, ìyẹn ìdí tó fi yẹ kí ilẹ̀ dà báyìí. Ohun tó sọ ọ́ di kàn-ńpá ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bíi 1958. Harry Holmgren àti Richard Johnston ní Amẹ́ríkà wọn bí hílíọ́mù oní-mẹ́rin ṣe ń gbá hílíọ́mù oní-mẹ́ta mú, tí wọ́n ń di bẹ̀rílíọ́mù. Ó pọ̀ tó ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ohun tí àwọn èèyàn ti rò. Ìyẹn túmọ̀ sí pé nínú oòrùn, ọ̀nà kékeré kan tí kò sẹ́ni tó ka sí ṣí sílẹ̀ lóòótọ́: bẹ̀rílíọ́mù á tún gbá prótọ́ọ̀nù mú, á di bórọ́ọ̀nù, bórọ́ọ̀nù náà á fọ́, á sì tu neutrino kan tó lágbára jáde. Neutrino ni nǹkan tó ń gba inú ohun gbogbo kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ní Caltech, Robert Christy àti Ian Duck ní 1961, lẹ́yìn náà Thomas Tombrello àti Peter Parker ní 1963, wá ṣàlàyé irú ìgbámú bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí i pé ní agbára kékeré, ìgbámú kì í dúró dìgbà tí kóró méjèèjì bá wọ inú ara wọn tán. Níta, ní ẹnu ọ̀nà, níbi tí ìrù ìgbì àwọn méjèèjì ti kan ara wọn, ni ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde. Àǹfààní ńlá ni. Inú kóró díjú, kò sẹ́ni tó mọ gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ìta ṣeé ṣírò. Bí ẹ bá ti mọ bí ìrù ìgbì náà ṣe rí, ẹ lè sọ̀kalẹ̀ dé agbára oòrùn láìbẹ̀rù púpọ̀.

Irú ìṣirò yẹn kò nílò ẹ̀rọ ńlá mọ́ lónìí. Ní 2003, Carlos Bertulani, ọmọ Bùràsílì, gbé ètò kọ̀ǹpútà kan tó pè ní RADCAP síta fún un, kọ̀ǹpútà alágbèéká yín lè gbé e. Mo ń sọ èyí fún àwọn tó ń ṣe físíìsì ní LASU lọ́nà Ọ̀jọ́ àti níbi gbogbo: ara ìtàn yìí wà tó jẹ́ pé gààsì ẹ̀rọ amúnáwá àti sùúrù nìkan ló ń fẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni méjèèjì máa ń tán.

John Bahcall, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà ní Caltech nígbà náà, kó gbogbo ìgbámú wọ̀nyí jọ, ó fi ṣe àwòṣe oòrùn kan, ó sì ṣírò iye neutrino tó yẹ kó máa tú jáde. Raymond Davis ní òun máa kà wọ́n. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sínú ibi ìwakùsà wúrà Homestake ní South Dakota, nǹkan bíi mítà 1,480 nísàlẹ̀ ilẹ̀, ó gbé táńkì kan síbẹ̀ tó gba nǹkan bíi lítà 380,000. Ohun tó rọ sínú rẹ̀ ni oògùn táwọn alágbàfọ̀ fi ń fọ kóòtù. Neutrino tó bá kan kílórínì inú oògùn náà yóò sọ ọ́ di ágọ́ọ̀nù. Davis á wá lọ ṣa ìwọ̀nba ẹyọ ágọ́ọ̀nù díẹ̀ jáde nínú gbogbo táńkì yẹn. Ẹ rò ó wò.

Ní 1968, èsì dé. Neutrino tí Davis rí kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí Bahcall ní kó rí.

Ẹ̀bi tá ni? Bahcall ni wọ́n kọ́kọ́ dá a lẹ́bi. Kò sì ṣòro láti rí ìdí. Neutrino tí Davis ń rí jù ń wá láti ọ̀dọ̀ bórọ́ọ̀nù. Nínú 10,000 ìgbà tí oòrùn bá ṣe hílíọ́mù, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ń gba ọ̀nà bórọ́ọ̀nù. Bí ooru àárín oòrùn bá yàtọ̀ díẹ̀, iye bórọ́ọ̀nù á yí padà gidi gan-an. Bí ìgbámú bẹ̀rílíọ́mù àti prótọ́ọ̀nù bá sì yẹ̀, gbogbo rẹ̀ yẹ̀ nìyẹn, ta ló sì fọwọ́ sọ̀yà pé ibi tí ọ̀pá ò kan ilẹ̀ rí bí wọ́n ṣe sọ? Àwọn onímọ̀ físíìsì ń sọ pé àwọn tó ń ṣírò ìràwọ̀ ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àwọn míì sì ní Davis ò mọ ágọ́ọ̀nù kà. Àwọn méjèèjì padà sẹ́nu iṣẹ́. Davis ń bá kíkà rẹ̀ lọ títí di 1994. Wọ́n tún ìgbámú kọ̀ọ̀kan wọ̀n lórílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, Bahcall ń fi nọ́ńbà tuntun rọ́pò ti àtijọ́, ìsirò náà ń padà síbi kan náà. Ọgbọ̀n ọdún. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún 1968 ti di òbí.

Ẹ rántí Kelvin. Òun náà ní ìṣirò tí kò ní àbùkù, nǹkan tí kò mọ̀ ló gbé e ṣubú. Ẹ̀rù irú ìyẹn ló yẹ kó máa ba Bahcall lóru. Lọ́tẹ̀ yìí ṣá, nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ wà ní òdì kejì. Bruno Pontecorvo, ọmọ Ítálì tó ń gbé ní Soviet Union, ti sọ ọ́ tipẹ́ pé neutrino lè máa pa àwọ̀ dà lójú ọ̀nà. Táńkì Davis, irú kan ṣoṣo ló lè rí. Ní Sudbury ní Kánádà, nǹkan bíi kìlómítà méjì nísàlẹ̀ ilẹ̀, wọ́n kó 1,000 tọ́ọ̀nù omi oníwúwo jọ tó lè ka gbogbo irú neutrino. Èsì àkọ́kọ́ jáde ní 2001, èyí tó parí ìjà jáde ní 2002. Àwòṣe Bahcall ní neutrino bórọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 5.05 yẹ kó máa gba ojú sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Sudbury ka mílíọ̀nù 5.09.

Mi ò ní tàn yín: ó ní oríire nínú. Àṣìṣe tí àwọn méjèèjì gbà pé ó lè wà nínú nọ́ńbà wọn ju ìyàtọ̀ yẹn lọ fíìfíì. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti yanjú. Oòrùn ń ṣe ohun tí wọ́n ṣírò. Neutrino ló ń pa àwọ̀ dà. Bahcall sọ fún àwọn oníròyìn pé ó ń ṣe òun bíi kí òun jó. Davis gba Nobel ní 2002, ó ti pé ẹni ọdún 88. Takaaki Kajita àti Arthur McDonald gba tiwọn ní 2015 lórí pípa àwọ̀ dà náà. Bahcall kú ní 2005 láì gba ọ̀kankan. Ní tèmi, kò dára. Kíkà nira, àmọ́ kí èèyàn dúró lórí nọ́ńbà rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún láì yí i kó lè bá ti ẹni tó ń kà mu, ìyẹn náà nira.

Kí ẹnikẹ́ni má wá rò pé àwọn tó ń ṣe àwòṣe kì í ṣì í. Ní Gran Sasso ní Ítálì, lábẹ́ òkè, níbi tí àpáta tó nípọn tó nǹkan bíi mítà 1,400 wà lókè, wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní LUNA síbẹ̀, torí pé òkè ń dí ìtànṣán òfuurufú lọ́wọ́. Níbẹ̀ ni ọ̀pá ti lè kan ilẹ̀ níbi tí kò kàn tẹ́lẹ̀. Ní 2004 wọ́n wọn ìgbámú nítírójìn àti prótọ́ọ̀nù, èyí tó lọ́ra jù nínú ọ̀nà alárinà Bethe, wọ́n bá a ní nǹkan bí ìdajì ohun tí gbogbo ìwé ń lò. Fojúdá ló ti tan gbogbo wọn. Nítorí ìdajì yẹn nìkan, wọ́n ní láti fi tó bílíọ̀nù ọdún kan kún ọjọ́ orí àwọn ìràwọ̀ tó dàgbà jù nínú ìsọ̀rí wa. Ní 2020, ní abẹ́ òkè kan náà, ẹ̀rọ Borexino rí neutrino tó ti ọ̀dọ̀ alárinà náà wá láti inú oòrùn gan-an. Ọdún 82 lẹ́yìn tí Bethe jókòó ti ìṣirò.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí fóònù mi tutù tó fún ìṣẹ́. A wọ ọkọ̀ padà sí Marina, ọmọkùnrin náà ń ti ọ̀pá. Oòrùn ti wọ̀. Neutrino rẹ̀ ò wọ̀ ní tiwọn: bíi bílíọ̀nù 65 ń gba ojú èékánná àtàǹpàkò kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ní alẹ́ wọ́n ń ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ bọ̀, wọ́n gba inú omi ọ̀sà, wọ́n gba ìdí ọkọ̀, wọ́n gba inú wa lọ sókè.

Èmi náà nìyẹn o. Ó dìgbà kan ná.